Ta Ló Mú Àgádágodo Kànga?

Ìdérí irin náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Grace Adéníyì bẹ̀rẹ̀, ó ti àtàǹpàkò bọ ihò tó yẹ kí àgádágodo gbà kọjá. Àtàǹpàkò wọlé tán, ààyè ṣì kù. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi òòlù lu irin náà, kò sí ibi tí ayùn ti kàn án. Ẹnikẹ́ni kò fipá ṣí kànga yìí. Wọn ò tì í rárá ni.

"Ta ló gbé ìdérí kúrò?" ó bèèrè.

"Àwa náà ni," Ràbíátù dá a lóhùn. "Omi la fẹ́ fà. Ṣé ká máa wo ẹnu kànga níran ni?"

Ràbíátù ni ìyá Sìdí, ọmọ kékeré tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Yemetu. Láàárọ̀ ìjẹta, ó fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé agboolé Alápò yìí, ní Bẹyẹrúnkà, ó fi po ẹ̀kọ fún ọmọ náà. Ìyá Kúbúrá, àgbà obìnrin ilé, bu nínú omi kan náà, ó fi lo àgúnmu. Kí oòrùn tó kanrí, àwọn méjèèjì ti ń bì. Ìyá Kúbúrá kú lọ́jọ́ náà. Sìdí kò kú, ṣùgbọ́n kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà ní oògùn apakòkòrò ni, èyí tí àwọn wolé-wolé fi ń fọ kànga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi náà títí agbára oògùn yóò fi lọ.

"Ẹ ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?"

"A gbọ́ ọ. Ṣé òní ló máa kọ́kọ́ rùn? Ṣebí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń da kẹrosíìnì sómi wa nítorí tanwíjí. A máa ń bu ojú rẹ̀ dànù, a ó lo ìsàlẹ̀." Ojú obìnrin náà pọ́n bí ẹyinná. "Àkíbù ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wolé-wolé oníkàkí yẹn! Lọ́dún tó kọjá, ó gbé mi lọ kóòtù nítorí tanwíjí méjì péré nínú ìkòkò. Mo bú u ní gbangba Ọjà'ba, mo ní tanwíjí ni yóò jogún ilé rẹ̀. Ó ní, 'A ó jọ rí i.' Ṣé ẹ ti rí i báyìí, ìyá ọlọ́pàá? Ó ti jẹ́ kí n rí i."

"Kò wá sọ fún yín kí wọ́n tó da oògùn náà?"

"Bí ẹnikẹ́ni bá sọ nǹkan kan fún wa nínú ilé yìí, kí n má padà bá Sìdí láàyè."

Ìbúra yẹn le. Grace ò bi í ní nǹkan mìíràn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Grace, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn lásìkò tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní ó máa ń bínú jù. Òun náà kì í jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: wolé-wolé kan bá obìnrin kan jà, ó fi oògùn pa ènìyàn nílé rẹ̀, ó tán. Lọ́sàn-án ni wọn yóò gbé Àkíbù síwájú adájọ́ ní Mapo, ìpànìyàn sì ni ẹ̀sùn náà. Bí ẹ̀sùn yẹn bá dúró, okùn ni yóò gbẹ̀yìn ọmọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n ta ni í fẹ́ pa ènìyàn, tí yóò wọ aṣọ iṣẹ́, gun kẹ̀kẹ́ ìjọba, kí ó sì ṣe é lójú ọ̀sán gangan?

*

"Mo sọ fún wọn!" Àkíbù di irin àhámọ́ mú gírígírí. Géńdé ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì ti gbẹ. "Màdáàmù, mo fi Kùránì búra, mo sọ fún wọn!"

"Ta lo sọ fún?"

"Bàbá àgbà tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Yésúfù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Mo ní, 'Bàbá, a ń bọ̀ wá da oògùn sí kànga ilé yìí. Kí ẹnikẹ́ni má fa omi rẹ̀ o, títí a ó fi padà wá sọ pé ó ti dára.'"

"Kí ni wọ́n fi dá ọ lóhùn?"

"Wọ́n ní, 'Àmín.'"

Grace gbójú sókè. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo ní, 'Ẹni tó bá mu ún lè kú o, Bàbá.' Wọ́n tẹ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ní, 'Àmín, àmín, Ọlọ́run á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.' Wọ́n wá ṣàdúà fún mi pé màá fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ Mẹ́kà."

"O sọ fún ènìyàn pé ikú wà nínú omi ilé rẹ̀, ó ṣe àmín sí i, ìwọ náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, o lọ?"

"Àgbà ni wọ́n, Màdáàmù. Kí ni kí n wí? Kí n wá bi àgbà bóyá ó gbọ́ mi? Wọ́n á ní irú ọmọ wo ni mo jẹ́."

"Wọn ì bá sì pè ọ́ ní ọmọ burúkú, kí Ìyá Kúbúrá máa jẹun lónìí!" Ohùn Grace gba gbogbo àhámọ́ náà. "Wọn ò gbà ọ́ síṣẹ́ ìlú pé kí o kàn máa sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Ẹni tí o sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gbọ́!"

Àkíbù sọrí kọ́. Ó ki ọwọ́ bọ ọrùn ẹ̀wù, ó fa okùn kan yọ. Kọ́kọ́rọ́ irin ńlá kan so mọ́ ọn.

"Ti àgádágodo kànga nìyí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ìkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Sítóò ni àgádágodo fúnra rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, Akọ̀wé Japheth ní kò sí. Mo ní ibo ló lọ? Ó ní ṣé owó baba mi ni wọ́n fi rà á ni."

"O sì lọ da oògùn sí kànga tí o mọ̀ pé o ò ní lè tì."

"Ọ̀gá ti pàṣẹ pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ parí, pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò ó."

"Kí ló dé tí o ò lọ bá ọ̀gá, kí o ní kò sí àgádágodo?"

Àkíbù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Èmi? Lọ bá Ọ̀gá Ezekiel? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí, n ò tíì rí inú yàrá wọn. Akọ̀wé la máa ń sọ tiwa fún. Bó bá wù ú, ó gbé e wọlé. Bí kò bá wù ú, ó gbé e mì."

Ẹni méjì ń búra, ìbúra wọn sì ń ta ko ara wọn. Àwọn ọlọ́pàá tó kù ti pinnu pé ọ̀kan ń purọ́. Grace ò rò bẹ́ẹ̀. Àmín yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ta ló ń ṣe àmín sí ikú ilé ara rẹ̀?

Ó gba akoto Àkíbù lórí ìṣó tí wọ́n fi kọ́, ó dé e lé ọlọ́pàá kan lórí, ó sì ní kó gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé òun.

*

Kò tíì sí ẹni tó rí ojú ọlọ́pàá náà. Akoto wolé-wolé ni wọ́n kọ́kọ́ rí láti ọ̀nà jíjìn.

"Tanwíjí o! Tanwíjí dé!"

Lójú Grace báyìí, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, agboolé Alápò tú ká. Obìnrin kan da ìkòkò omi nù sílẹ̀, òmíràn fa ọmọ rẹ̀ lápá wọlé, ilẹ̀kùn ń gbá lé ara wọn. Ilé tó kún fọ́fọ́ fún àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ di ahoro. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù: Bàbá Yésúfù, lórí awọ àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

Grace kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ kú ilé, Bàbá."

"Àmín."

"Bàbá, iná ń jó lẹ́yìn agbádá yín o."

Àgbà náà tẹ́wọ́. "Àmín, àmín. Ọlọ́run á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Grace ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn jù lọ. "Ìyá Sìdí! Ẹ jáde! Gbogbo yín ẹ jáde!"

Wọ́n yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì wọ́n.

"Láti ìgbà wo ni bàbá yìí kò ti gbọ́ràn mọ́?"

"Ó ti pẹ́," Ràbíátù sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ló wá ń gbé e síbí?"

Ràbíátù náà ló tún sọ̀rọ̀. "Àwa ni. Adití ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wolé-wolé. Wọn ò sì lè gbé àgbà lọ kóòtù. Kì í ṣe ilé wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo Bẹyẹrúnkà náà ni."

"Àkíbù wá síbí. Ó sọ fún Bàbá pé omi náà lè pa ènìyàn. Bàbá ṣe àmín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó Bàbá Yésúfù ni Ìyá Kúbúrá. Ọ̀dọ́bìnrin kan bú sẹ́kún, ó fi etí ìró di ẹnu rẹ̀. Ràbíátù sáré dúró síwájú àgbà náà bí ẹni pé Bàbá lè fi ojú ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Grace.

"Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ fi etí tí kò gbọ́ ṣe ilẹ̀kùn ilé yín!"

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Ràbíátù yí padà sí i, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le ju ti ọlọ́pàá lọ. "Ìgbà wo ni wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ rí? Ẹ sọ ọjọ́ kan fún mi! Sàmọ́ńsì ni wọ́n ń gbé wá. Bí ẹnì kan bá ń fi pàṣán kan ilẹ̀kùn yín lójoojúmọ́, ṣé ẹ ó ṣí i lọ́jọ́ tó bá fi ọwọ́ kàn án?"

Inú tó ń bí Grace sí wọn yí padà, ó ń wá ibòmíràn tí yóò bà sí. Ó ku àgádágodo.

*

Ọ́fíìsì ìmọ́tótó náà wà ní Bẹẹrẹ, lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ aláṣọ. Grace mú Àkíbù dání pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá kan lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n fi ẹfun fa ìlà gbọọrọ kan sílẹ̀ nínú yàrá ọ̀gá.

"Ẹ dúró lẹ́yìn ìlà yẹn, Màdáàmù," Ọ̀gá Ezekiel sọ láìgbójú sókè. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi ń ró. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe níbí. Ètò ló ń mú iṣẹ́ ìjọba lọ déédéé."

Grace gba orí ìlà náà kọjá, ó fi bàtà pa á rẹ́. "Ibo ni àgádágodo kànga wà?"

"Mo ní kí wọ́n fún Àkíbù. Akọ̀wé ni mo sọ fún."

Akọ̀wé Japheth dúró létí ilẹ̀kùn. Ó ti darúgbó díẹ̀, ọrùn rẹ̀ tínrín nínú kọ́là. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Akọ̀wé, ṣé ẹ fún un?" Grace bi í.

"Ohun tí ọ̀gá bá sọ ni, Màdáàmù."

"Ẹ gbọ́!" Ọ̀gá Ezekiel na ìka sókè. "Bí àgádágodo ò bá sí, ẹnì kan ì bá wá sọ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ nǹkan fún yín?"

"Mo ń pàṣẹ, wọ́n ń ṣe é."

"Mo ní báwo ni *àwọn* ṣe ń sọ fún *yín*."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó bi í bóyá omi máa ń ṣàn gòkè.

Grace jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti rò ó. Wọ́n ti ta á lólobó pé Japheth lè ti ta àgádágodo náà fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì sọ ọ́ nù. Àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹrù lásán ni. Bí a bá tì í, kò ní ṣí mọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè rí i lò. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà láyé. Ẹni tó ní ọ̀kan lọ bèèrè rẹ̀ ní sítóò, wọ́n ní kò sí. Ó ku ẹni tó ní ìkejì.

Kí ni ọ̀gá ń tì níbí?

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ṣáláńgá méjì ló wà lẹ́yìnkùlé. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ò ní ilẹ̀kùn rárá, àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ta sí i. Èkejì ní ilẹ̀kùn pákó tí wọ́n kùn, àti lára ilẹ̀kùn náà, àgádágodo irin kan tó tóbi bí ìkúùkù ọmọdé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò.

"Ẹ mú Àkíbù wá!" Grace ké. "Kí gbogbo òṣìṣẹ́ jáde! Àti ọ̀gá yín!"

Wọ́n jáde, wọ́n tò sí ìdí ògiri. Grace tọ́ka sí ilẹ̀kùn náà. "Ṣí i."

Àkíbù fi ọwọ́ méjèèjì tó wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó yí, àgádágodo bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìjókòó sìmẹ́ńtì kan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì tẹ́ tìmùtìmù lé e.

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ó rántí Ìyá Kúbúrá, ó fi ikọ́ bò ó.

"Ó dáa," Ọ̀gá Ezekiel wí. "Ilé-iṣẹ́ ló ni àgádágodo, èmi ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Gbogbo àwọn ará ọjà ló ń wọ ibẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ti kànga ni."

Grace kọ ẹ̀yìn sí i. "Ta ló mọ̀ pé ti kànga ni?"

Ọkùnrin kan, wolé-wolé tó dàgbà jù nínú wọn, gbé ọwọ́ sókè. Mẹ́séńjà gbé tirẹ̀. Ọwọ́ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ògiri, títí ó fi kan Japheth, tí òun náà gbé tirẹ̀ dé èjìká.

"Gbogbo yín." Ohùn Grace ti lọ sílẹ̀, èyí ló sì bani lẹ́rù jù. "Gbogbo yín ń rí i lárọ̀, ẹ ń rí i lálẹ́." Ó yí padà sí ọ̀gá. "Ẹ̀yin sì ti ìdí yín mọ́lé, ẹ ṣí ẹnu kànga sílẹ̀ de ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí! Ọ̀gá Ezekiel, ẹ̀yin la ó jọ lọ rí adájọ́."

Wọ́n ń bọ́ irin náà lọ́wọ́ nígbà tí Akọ̀wé Japheth la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

"Màdáàmù... wọ́n ti da oògùn náà sí kànga kan ní Yemetu láàárọ̀ yìí."

"Wọ́n tì í?"

"Àgádágodo kan ṣoṣo la ní."

"Wọ́n sọ fún àwọn tó ni kànga?"

"N ò mọ̀, Màdáàmù."

"Mo ti wà níwájú yín láti ìgbà tí mo wọlé! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Àgbà akọ̀wé náà wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ ò bi mí."

*

Kí Grace tó dé ìdí mọ́tò ọlọ́pàá, Àkíbù ti wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ní Yemetu, nígbà tí mọ́tò dúró tí wọ́n rí kàkí rẹ̀, igbe ta láti ojúlé dé ojúlé. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Agboolé náà dá páropáro, àfi òbúkọ kan tó ń jẹ èèpo iṣu. Lẹ́bàá kànga, korobá kan wà tó ṣì ń kán omi.

"Wọ́n ti fà á," Grace wí.

Àkíbù bọ́ ẹ̀wù kàkí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Singíléètì ló kù lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. "Ẹ̀yin ìyá mi, Àkíbù ni mo ń jẹ́. N ò mú sàmọ́ńsì kankan dání. Oògùn wà nínú omi yín, ẹ má mu ún!"

Nínú ilé, ọmọ kan rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ọgbọ́n ni!" ohùn obìnrin kan wí láti inú. "Tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ẹ ti di èrò kóòtù."

Grace sáré sọdá títì. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ ni Ràbíátù jókòó sí, abọ́ oúnjẹ tí Sìdí kò fọwọ́ kàn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Grace sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ràbíátù tú gèlè, ó fi gbàjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kó tó dé àárín agboolé.

"Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ! Ọmọ tèmi wà ní bẹ́ẹ̀dì lódì kejì títì, kò dá mi mọ̀ mọ́! Omi báyìí ló mu! Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ máa tì í, ṣùgbọ́n ẹ da omi yẹn nù!"

Ilẹ̀kùn kan là díẹ̀. Ojú obìnrin kan yọ. "Kí lẹ wí?"

Àkíbù ló dá a lóhùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ dákun, ẹ tún un sọ fún mi."

"Ẹ gbà mí! Ṣé adití lo rò pé mo jẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ bú mi tó bá wù yín. Ẹ ṣáà tún un sọ."

Obìnrin náà pòṣé. "O ní oògùn wà nínú kànga. O ní ká má mu ún, ká má fi se nǹkan, títí ẹ ó fi padà wá." Bó ti ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ ń yí padà. Ó yí sẹ́yìn, ó ké, "Múná! Gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná!"

Wọ́n gbọ́ bí omi ti ń dà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì ṣí, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Àkíbù ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, èébú ń rọ̀ lé e lórí bí òjò, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n tún un sọ, ìyá arúgbó àti aláboyún. Nígbà tí wọ́n délé tó kẹ́yìn, Grace, tí gbogbo ara ń ro, dì í mú léjìká.

"Ó tó. Adájọ́ ò ní rí ọ mọ́ lónìí. Máa lọ sílé, ìyá rẹ ń retí rẹ."

Àkíbù tọ́ka sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, èéfín sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn níbẹ̀ yẹn, Màdáàmù," ó wí, ó sì lọ kàn án.